Kóòtù tí mo fẹ́ máa wọ̀ lé jíìnsì: báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó bá mi lára mu?

ỌmọÒròkí (Mọ́ńdè, alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, ilé iṣẹ́ kan sì ti gbà mí. Wọn ò ní ká wọ súùtù, àmọ́ wọn ò fẹ́ ká máa fi tí-ṣẹ́ẹ̀tì lásán jókòó níwájú oníbàárà. Ọ̀gá wa ní kóòtù kan tó dáa, tí mo lè wọ̀ lé jíìnsì tàbí ṣíno, ti tó.

Mo lọ sí Ọjà Ọba ní Sátidé. Ọkùnrin kan mú kóòtù búráùn kan fún mi, aṣọ rẹ̀ dáa gan-an, 42 ni nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e wọ̀, èjìká rẹ̀ yọ kọjá tèmi, apá rẹ̀ sì gùn bo ọwọ́ mi dé àtàǹpàkò. Ó ní kí n má mikàn, pé télọ̀ á dín in, á jókòó sí mi lára dáadáa. Mo ní mò ń bọ̀, mi ò rà á. Ṣé òótọ́ ni pé télọ̀ lè dín kóòtù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Kí ló yẹ kí n wò kí n tó sanwó? Mo ga díẹ̀, mo sì tín-ín-rín. ₦40,000 ni mo yà sọ́tọ̀, owó télọ̀ wà nínú rẹ̀.

TélọÒkèFìà

Àbúrò, o káre tí o ò sanwó. Èjìká ni kóòtù. Bí èjìká bá ti bà jẹ́, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i tí á dáa dénú.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Apá tó gùn, a lè gé e. Ara tó fẹ̀, a lè dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì tí kò sí láyè rẹ̀, a lè sún un díẹ̀. Àmọ́ èjìká ni páàdì (tìmùtìmù inú kóòtù) wà, èjìká ni apá ti so mọ́ ara, èjìká ni kọ́là ti gbéra. Ẹni tó bá fẹ́ dín in á tú apá méjèèjì sílẹ̀, á yọ páàdì, á tún ihò apá gé, á dá apá padà, lẹ́yìn náà ni á wá tún láínìn (aṣọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú kóòtù) rán. Owó iṣẹ́ yẹn lè ju owó kóòtù lọ. Bí ó bá sì tún dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti 42 wá sí ara tìẹ, àpò méjèèjì á sá lọ sẹ́yìn, wàá máa ki ọwọ́ bọ àpò lẹ́bàá ìdí.

Bí o ṣe máa dán an wò nìyí. Wọ irú ṣẹ́ẹ̀tì tí o máa ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kì í ṣe síńgílẹ́ẹ̀tì. Dúró, jẹ́ kí apá rẹ rọ̀ sílẹ̀. Fi ìka wá ibi tí egungun èjìká rẹ parí sí: ibẹ̀ gan-an ni ojú ìrán apá gbọ́dọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, fẹ̀gbẹ́ ti ògiri. Bí páàdì bá kan ògiri kí apá rẹ tó kàn án, ó tóbi. Bí ẹran apá rẹ bá wú yọ sóde lábẹ́ ojú ìrán, ó kéré. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹni tó ń tajà ò sì lè bínú sí i.

Wá ẹni tó máa fi téèpù wọ̀n ọ́: àyà, èjìká sí èjìká, gígùn apá, ikùn. Kí o kọ ọ́ síbí kí n bá ọ wò ó.

Kúnlé_Ògo-Olúwa

Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí ọmọ yìí fi owó rẹ̀ jẹun? Ó dá mi lójú pé ó ní súùtù nílé. Kó yọ kóòtù rẹ̀, kó wọ̀ ọ́ lé jíìnsì. Ṣé kì í ṣe kóòtù náà ni?

TélọÒkèFìà

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Àmọ́ ẹ wo kóòtù súùtù dáadáa. Aṣọ rẹ̀ ń dán, ó ń yọ̀. Páàdì rẹ̀ le. Àpò rẹ̀ wà nínú, ìlà tín-ín-rín ló hàn síta. Bí ẹ bá gbé e lé jíìnsì tó rí wúruwùru, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹ yá kóòtù lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ohun kejì tún wà tó kan owó gan-an: aṣọ kan náà ni wọ́n gé kóòtù àti ṣòkòtò súùtù lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ kóòtù nìkan, tí ẹ ń fọ kóòtù nìkan, láìpẹ́ àwọ̀ rẹ̀ á ti yàtọ̀ sí ti ṣòkòtò. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ méjèèjì lọ sí ìgbéyàwó, súùtù yẹn ti bàjẹ́.

Èyí tí àbúrò ń wá ò ní ṣòkòtò tirẹ̀ látilẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ní ara: ẹ máa rí bí òwú ṣe kọjá lórí ara wọn, ó lè nílà, ó lè ní àwọn igun mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n máa ń rán àpò rẹ̀ mọ́ ìta. Èjìká rẹ̀ rọ̀, ẹlòmíì ò ní páàdì rárá.

BàbáAyétòrò

Ọ̀rọ̀ télọ̀ yìí tọ̀nà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń lọ ṣọdẹ ní ìgbèríko wọn ló bẹ̀rẹ̀ irú kóòtù yìí, ní nǹkan bí ìdajì kejì ọdún 1800 sí 1900. Aṣọ onírun tó nípọn ni wọ́n fi ń rán an nítorí òtútù àti ẹ̀gún, àpò rẹ̀ sì tóbi torí ọta ìbọn ni wọ́n ń kó sí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń dán. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé e wọ ìgboro.

Ọmọ mi, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. O ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má ra èyí tó fún ọ mọ́ra bí àwọn ọ̀dọ́ òde òní ṣe ń ṣe, tí kóòtù á parí sí ìbàdí, tí ìdí á wà níta gbangba. Kóòtù gbọ́dọ̀ bo ìdí.

Dámọ́lá_Ìgbóròkò

Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ sà, kóòtù tó gùn máa ń jẹ́ kí ọmọdé dà bí ẹni tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀. Ẹni tó tín-ín-rín bíi tiwa, bí kóòtù ò bá rọ̀ mọ́ ọn díẹ̀, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n fi kọ́ sórí háńgà. Tèmi kúrú, mo sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo.

BàbáAyétòrò

Dámọ́lá, mi ò bá ọ jà. Mímọ́ra yàtọ̀ sí fífúnpá. Ti bọ́tìnnì kóòtù rẹ, kí o wo dígí. Bí aṣọ bá fà láti ibi bọ́tìnnì yẹn lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó ya bí igi méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn, o mọ̀ pé ó há. Jókòó, nawọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ẹ̀yìn bá ń ké sí ọ pé òun fẹ́ ya, kí lo fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣe ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?

TélọÒkèFìà

Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín. Láti ibi ọrùn ẹ̀yìn dé ilẹ̀, pín in sí méjì: ibi tí ìdajì rẹ̀ bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni kóòtù súùtù máa ń parí sí. Kóòtù tí a ń sọ yìí lè fi ìdajì íǹṣì tàbí íǹṣì kan kúrú sí i, kò burú. Àmọ́ bí o bá ti rí ìdí tán, ó ti kọjá ààlà. Ní ti ara rẹ̀, ti bọ́tìnnì (tókè, bí ó bá ní méjì), kí o ki ọwọ́ tó pa pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o bá di ìkúùkù, tí ìkúùkù náà wọlé tó sì tún ń ṣeré, ó fẹ̀ jù.

Àti gígùn o, ẹ jẹ́ kí n fi kún un: gígùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èjìká. A lè gé díẹ̀ lára rẹ̀, àmọ́ àpò ò ní kúrò níbi tó wà. Bí a bá gé e jù, àpò á wá sún mọ́ etí ìsàlẹ̀, ojú á sì rí i.

ÌyáÌbejì_Ọjàọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Òkìríkà ni mò ń tà, kóòtù àti jákẹ́ẹ̀tì, ó ti pẹ́. Ọmọ Òròkí, ẹni tó ní kí o ra 42 yẹn, ọjà ló fẹ́ tà, má bínú sí i. Gbọ́ ohun tí ìwọ náà á máa wò.

Ìkíní, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tú béélì ni kí o wá. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, á sọ ọjọ́ náà fún ọ. Tó bá di ọ̀sán, àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń tún un tà lórí fóònù ti ṣa ojúlówó lọ.

Ìkejì, gbé kóòtù náà jáde síbi tí oòrùn wà. Má dá iná inú ṣọ́ọ̀bù lóhùn. Wo àyà rẹ̀ àti lápẹ́ẹ̀lì rẹ̀ (etí kóòtù tó ṣẹ́ sẹ́yìn lórí àyà) látẹ̀gbẹ́. Bí o bá rí i tó ń wú kúlúkúlú, bí awọ tí omi gbígbóná jó, wọ́n ti fi omi fọ̀ ọ́ rí, gọ́ọ̀mù sítéè inú rẹ̀ (aṣọ líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú kóòtù kó lè dúró) ti tú. Kò sí irin ìlọṣọ tó lè tún un ṣe. Gbé e sílẹ̀ kí o máa lọ, ì báà jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ wù ọ́.

Lẹ́yìn náà, yí i sódì. Wo láínìn ní abíyá: òógùn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ibẹ̀. Yí kọ́là rẹ̀ sókè, wo ibi tó ń ha ọrùn. Na aṣọ sí oòrùn kí o wò ó bóyá kòkòrò ti lu ú. Gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ọjà máa ń lọ bí o bá fi kọ́ síbi afẹ́fẹ́, òórùn òógùn àtijọ́ kì í fẹ́ lọ bọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà náà ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà, àyà ni wọ́n fi íǹṣì wọ̀n: 38, 40, 42. Ti Ítálì àti Jámánì, 48, 50, 52 lo máa rí. Yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, wàá bá ti Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Mo ti rí ẹni tó sá fún 48 torí ó rò pé ti òmìrán ni, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ gan-an ni.

Àpò tí wọ́n rán pa kì í ṣe àbùkù o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó o jáde láti ilé iṣẹ́. Bí o bá rí i pé òwú àpò ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ lè má tíì wọ̀ ọ́ rí.

Folúkẹ́_Ìlọrin

Mà, ẹ ṣé gan-an. Mo ń kà á ní Ìlọrin níbí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ irun àgùntàn àti èyí tó jẹ́ pọliẹ́sítà bí wọ́n bá ti gé ìwé inú rẹ̀ kúrò? Àbúrò mi ra kan, ìlàágùn ò jẹ́ kó rí ara rẹ̀ gbé.

ÌyáÌbejì_Ọjàọba

Fólú mi, iná ló ń sọ òótọ́. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, fa òwú fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ ní ojú ìrán inú. Tan ìṣáná sí i. Bí ó bá jẹ́ irun àgùntàn, á rùn bí irun orí tó jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá jẹ́ pọliẹ́sítà, á yọ́, á di kóró líle tó dúdú. Bí ó bá jẹ́ òwú tiwa tàbí línẹ̀n, á jó bíi bébà. Àwọn tí wọ́n pò pọ̀ máa ń ṣe méjèèjì, o sì máa rí kóró yẹn nínú eérú.

TélọÒkèFìà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ ooru yìí ló yẹ ká gbé yẹ̀wò dáadáa, torí Òṣogbo kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé irun àgùntàn ló ń móoru, pọliẹ́sítà ló fúyẹ́. Pọliẹ́sítà ni kì í jẹ́ kí ara mí. Irun àgùntàn tí wọ́n hun fẹ́lẹ́, tí ojú rẹ̀ ṣí, ń gba atẹ́gùn kọjá. Bí o bá gbé e sí ojú oòrùn, o máa rí ìmọ́lẹ̀ láàárín òwú. Òwú náà dára. Línẹ̀n ló tutù jù, àmọ́ á máa ká jọ, kí o tó gbéra ní Ayétòrò dé Ọláìyá nínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn rẹ ti rún. Ẹni tí ìyẹn ò bá bí nínú lè rà á. Kọdọrọ́ọ̀yì àti twíìdì, ọyẹ́ nìkan ni wọ́n wà fún, àárọ̀ oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní.

Kí o tún wo ẹ̀yìn inú rẹ̀. Bí láínìn bá bo gbogbo ẹ̀yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn jẹ́ aṣọ kejì lára rẹ. Wá èyí tí láínìn rẹ̀ mọ sí èjìká àti inú apá. Apá gbọ́dọ̀ ní in, kí ọwọ́ lè máa yọ̀ wọlé.

ỌmọÒròkí (Túsídè)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi téèpù wọ̀n mí láàárọ̀ yìí. Àyà 37 íǹṣì. Ikùn 31. Èjìká sí èjìká 17½. Apá láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, 24½. Mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi tún sọ pé èjìká òsì mi rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ìyẹn lè dá wàhálà sílẹ̀?

TélọÒkèFìà

Ó dáa. Nọ́ńbà tìẹ ni 38, lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e kó jẹ́ R, ìyẹn ni fún ẹni tí kò kúrú tí kò sì ga jù. S ni ti àwọn tó kúrú, L ni ti àwọn tó ga. Ti Ítálì, 48. Má kọjá 40 láéláé, 40 náà, àfi bí èjìká rẹ̀ bá bá ọ mu.

Àmọ́ téèpù ni kí o gbà gbọ́, má gba nọ́ńbà gbọ́, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọwọ́ tirẹ̀. Tẹ́ kóòtù sílẹ̀, ti bọ́tìnnì rẹ̀, wọ̀n ọ́n láti abíyá sí abíyá: 20 sí 20½ íǹṣì lò ń wá. Èjìká rẹ̀ lẹ́yìn, láti ojú ìrán sí ojú ìrán, 17½, ó lè lé díẹ̀. Mú téèpù dání lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ èjìká òsì, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in, pàápàá ẹni tó ti ń gbé báàgì sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ilé ìwé. Ohun tí o máa rí ni pé aṣọ á rún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, láti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abíyá. Páàdì fẹ́lẹ́ kan ni a ó fi sábẹ́ òsì, tán.

Aláró_Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìlú aró la wà, gbogbo yín sì ń sọ̀rọ̀ Ítálì àti Jámánì. Kí ló dé tí ọmọ yìí ò lè rán kóòtù àdìrẹ, tàbí ti aṣọ òkè? Òun nìkan ló máa ní irú rẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn, owó á sì dúró sílé lọ́wọ́ àwa tó ń rẹ aṣọ. Ó dùn mí pé nǹkan tẹni kì í kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn.

Dámọ́lá_Ìgbóròkò

Mà, mo wà lẹ́yìn yín. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àdìrẹ lé ṣòkòtò funfun níbi ìkómọ kan, gbogbo wa là ń wò ó.

TélọÒkèFìà

Ìyá wa Aláró, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, mo sì ti rán an fún àwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lórí máṣíìnì, kí àbúrò lè mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá.

Àdìrẹ tó wà lórí aṣọ fẹ́lẹ́ ò lè dá dúró bíi kóòtù. A gbọ́dọ̀ fi sítéè sí i níwájú, bí ó bá sì pọ̀ jù á le gbagidi. Èyí tí ẹ bá rẹ sórí aṣọ òwú tó nípọn, bíi ti jíìnsì fẹ́lẹ́, ìyẹn ló ń jáde dáadáa. Ẹ bá wa fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí aró má baà kun kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ooru àti òógùn máa ń fa aró jáde.

Aṣọ òkè, kò sóhun tó lẹ́wà tó o. Àmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, a sì máa so ó pọ̀ kí a tó gé e. Ìlà tó wà ní lápẹ́ẹ̀lì òsì gbọ́dọ̀ bá ti ọ̀tún dọ́gba, ti àpò gbọ́dọ̀ bá ti ara kóòtù dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú gbogbo èèyàn á máa lọ síbẹ̀. Bí a bá ti gé e, etí rẹ̀ á fẹ́ máa tú, a gbọ́dọ̀ wíìfù rẹ̀ (ká fi òwú rán etí rẹ̀ mọ́) lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì ju ₦40,000 tí àbúrò mú wá lọ. Ní tèmi, kó fi kóòtù tó lè wọ̀ lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti gba owó oṣù díẹ̀, kó gbé kóòtù yẹn wá sọ́dọ̀ mi bí àwòṣe, kí n fi gé ti àdìrẹ. Kóòtù tó bá ara mu ni pátánì tó dáa jù.

Aláró_Òṣogbo

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òròkí, bí àsìkò bá tó, wá bá mi, màá rẹ èyí tó nípọn fún ọ. Má jẹ́ kí wọ́n ta aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ fún ọ lórúkọ àdìrẹ. Yí i sódì: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, a ò mọ̀ ọ́n rí.

ỌmọÒròkí (Tọ́sìdeè, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo lọ láàárọ̀ òní tí wọ́n tú béélì, bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo rí méjì.

Àkọ́kọ́ jẹ́ áàṣì, 38 R. Èjìká rẹ̀ bọ́ sí egungun mi gan-an. Àmọ́ lẹ́yìn, lábẹ́ kọ́là, aṣọ ká jọ, ó ta ìlà gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Mo fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó tún padà wá.

Ìkejì jẹ́ búlúù tó ṣú, 48 ti Ítálì. Òwú rẹ̀ hàn, mo gbé e sóòrùn mo sì rí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àpò rẹ̀ wà níta. Láínìn rẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Èjìká bọ́ sí i. Abíyá sí abíyá, 20½. Apá rẹ̀ ló gùn, ó bo gbogbo ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Inú rẹ̀ náà fẹ̀ díẹ̀ níbi ikùn, ẹ̀gbẹ́ òsì sì rún bí ẹ ṣe ní á ṣe rún. Wọ́n ní ₦22,000, mo ná an dé ₦18,000. Wọ́n bá mi gbé méjèèjì pa mọ́ títí di ọ̀la. Èwo ni kí n mú?

BàbáAyétòrò

Búlúù. Ó bá jíìnsì lọ, ó bá ṣíno kíríìmù lọ, ó bá ṣòkòtò áàṣì lọ. Áàṣì kì í bá jíìnsì àfọ̀ṣí lọ dáadáa.

TélọÒkèFìà

Ìlà tó wà lábẹ́ kọ́là áàṣì yẹn ń sọ pé èjìká tìẹ dúró gbọọrọ ju ti ẹni tí wọ́n rán an fún, aṣọ wá ṣẹ́kù síbi ọrùn. A lè tú kọ́là, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni, télọ̀ kan ò sì ní fi owó kékeré ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́là fi ọrùn sílẹ̀ ni, tí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, mi ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí o rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wàá gbé e sílẹ̀ ni.

Ti búlúù, kí o wo nǹkan méjì kí o tó sanwó. Àwọn bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ apá, ṣé wọ́n ń tú lóòótọ́, àbí ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n? Bí ihò wọn bá ṣí, kò rọrùn láti gé apá láti ìsàlẹ̀, torí ihò máa sún mọ́ etí jù. A gbọ́dọ̀ gé e láti òkè, ibi èjìká, owó náà á sì gbéra. Lẹ́yìn náà, gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó ń di irin mú nínú bọ́ọ̀sì. Bí gbogbo kóòtù bá gòkè tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ, ihò apá rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ jù. Àwọn èèyàn rò pé ihò apá ńlá ló ń fúnni láyè. Èyí tó ga, tó sún mọ́ abíyá láìha á, ló ń jẹ́ kí ọwọ́ ṣe ohun tó fẹ́ kí kóòtù sì dúró síbi tó wà.

ỌmọÒròkí (Fúráìdeè)

Bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ ò ṣí, ẹ̀ṣọ́ ni. Mo gbé ọwọ́ sókè, kóòtù ò kúrò lójú kan. Mo ti sanwó, ₦18,000 ni wọ́n gbà. Mo ku ₦22,000. Kí ló kàn?

ÌyáÌbejì_Ọjàọba

Ayọ̀ ni o! Máa gbé e síbi afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòji, kì í ṣe inú oòrùn. Má fi omi fọ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ ẹ́ sí Omo. Gbé e lọ fún àwọn tó ń fọ aṣọ láìlo omi kí télọ̀ tó fọwọ́ kàn án.

TélọÒkèFìà

O ṣe é. Mo ti ní ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́kàn. Apá la ó kọ́kọ́ gé: nígbà tí ọwọ́ rẹ bá rọ̀ sílẹ̀, ìdajì íǹṣì ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ikùn, a ó dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti ojú ìrán ẹ̀yìn, díẹ̀ ni, kó lè ya ìbàdí rẹ láìfà mọ́ bọ́tìnnì. Páàdì òsì ló máa kẹ́yìn. Bí o bá dúró níwájú mi lẹ́yìn páàdì, tí ìdínkù ikùn bá ti pọ̀ jù, màá dá a padà, torí mi ò ní gé aṣọ tó ṣẹ́kù sínú kúrò.

Wo sílíìtì ẹ̀yìn rẹ̀ (ibi tó là nísàlẹ̀ ẹ̀yìn kóòtù) àti etí apá òsì. Bí o bá rí òwú funfun tí wọ́n fi rán an bí àmì X, tàbí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá, tú wọn. Ilé iṣẹ́ ló fi síbẹ̀ kó tó di pé wọ́n tà á. Mo máa ń rí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Folúkẹ́_Ìlọrin

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún mi, ẹ má bínú. Bọ́tìnnì méjì ló wà lára ti àbúrò mi. Ṣé méjèèjì ló gbọ́dọ̀ máa tì?

BàbáAyétòrò

Tókè nìkan, ọmọ mi. Tìsàlẹ̀ kì í tì. Ojú tí wọ́n fi gé e gan-an ni pé kó ṣí, bí ó bá tì í, ìsàlẹ̀ kóòtù á fà. Bí ó bá sì fẹ́ jókòó, kó tú tókè náà.

ỌmọÒròkí

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, mo lè wá ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n á ti fọ̀ ọ́ tán nígbà yẹn. Kí ni kí n mú dání?

TélọÒkèFìà

Ṣẹ́ẹ̀tì tí o máa ń wọ̀ jù, àti èyí tó nípọn jù nínú wọn. Ṣòkòtò tí o fẹ́ wọ̀ ọ́ lé àti bàtà rẹ̀. Fóònù àti kọ́kọ́rọ́, kó wà lápò ṣòkòtò, má kó o sápò kóòtù nígbà tí mo bá ń wọ̀n ọ́n, torí ẹrù inú àpò máa ń fa ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, èmi náà á sì wọ̀n ọ́n sódì. Wá ní àárọ̀ kí iná tó lọ. Apá àti ẹ̀gbẹ́ ni ọjọ́ kìíní, páàdì lọ́jọ́ tí o bá padà wá gbé e wọ̀.

ỌmọÒròkí

Mo ti gbọ́ sà. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, jíìnsì àti ṣíno, bàtà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ màá ti wà ní Òkè-Fìà.